Ìyálé Tó Ń Gbé Owó Abúlé Lọ sí Vila

Kò sí báńkì ní erékùṣù Tongoa. Ẹni tó bá ta ẹní tàbí kàbéèjì, tó sì fẹ́ kí owó rẹ̀ wà níbi tí eku kò ti ní fi ṣe ìtẹ́, àfi kó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Vila, olú ìlú, kó sùn lórí àpò àgbọn gbígbẹ láàárín òkun, kó máa bì títí inú rẹ̀ yóò fi gbófo, kó tún lọ tò síwájú báńkì nínú oòrùn. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo ohun tó gbé lọ tán. Nítorí náà, láti ọdún tí ìjì ńlá wó ilé ní abúlé Naworia, tó gbé owó tí wọ́n tọ́jú sábẹ́ ẹní lọ tẹnítení, Leipakoa, ìyàwó Toara, ni í bá gbogbo abúlé gbé owó lọ.

Obìnrin gíga ni, egungun rẹ̀ nípọn, òkun kì í sì í bà á lẹ́rù. Yóò di owó sínú ọ̀já, yóò so ọ̀já mọ́ ìdí lábẹ́ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń wọ̀, yóò wá jókòó sórí ẹrù bí ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Bó bá dé Vila, yóò san ti oníkálukú sínú àkáǹtì rẹ̀, yóò san owó ilé ìwé ọmọ Timoti, yóò ra oògùn ojú fún Leitau àgbà, yóò sì padà wá jíṣẹ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gba owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣu tí wọ́n bá kọ́kọ́ wà lọ́dún, iwájú ilé rẹ̀ ni í balẹ̀ sí. Bí wọ́n bá pa ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n á ya itan sọ́tọ̀ fún un. Kí ọkọ̀ tó ṣí, pásítọ̀ á dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Toara a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń mu kava, omi gbòǹgbò tí ń pani bí ọtí, pé ìyàwó lòun rò pé òun fẹ́, àṣé báńkì lòun gbé wọlé. Leipakoa a ṣe bí ẹni tí inú ń bí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà a dùn mọ́ ọn dé mùdùnmúdùn.

Rosina ni ìyàwó Masoe, àbúrò Toara. Ọmọ erékùṣù Emae ni, ó sì ti bá wọn tajà ní Vila kó tó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Naworia pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sórí òkè, níbi tí fóònù ti ń rí nẹ́tíwọ̀kì, wọ́n ń ta ìrẹsì, ẹja inú agolo àti ọṣẹ. Leipakoa fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rin iṣu fún laplap nílé ọkọ wọn, bí wọ́n ṣe ń wé e mọ́ ewé, àti bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé òkúta ti gbóná tó. Rosina ń pè é ní ìyálé mi, òun náà ń pè é ní ìyàwó. Kò sí ìjà láàárín wọn.

Ìgbà tó yá, báńkì kan ní Vila rán ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Obed wá. Wọ́n pe gbogbo abúlé sí gbọ̀ngàn ìpàdé. Obed ní báńkì kò ní kọ́ ilé sí Tongoa, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ yan ẹnì kan nínú abúlé tí yóò máa gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn, tí yóò sì máa san án fún wọn, kí fóònù máa ròyìn rẹ̀ fún Vila lójú ẹsẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí gbogbo ojú fi yí sí Leipakoa. Òun náà ti mọ̀ pé wọn yóò yí. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀ wá, ó sì ti fi òróró àgbọn pa irun rẹ̀ títí ó fi ń dán. Olóyè abúlé nawọ́ sí i, ó ní ẹni tí Obed ń wá rèé.

Obed kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó bi í bóyá ó ní ṣọ́ọ̀bù, kí owó lè máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Kò ní. Ó bi í bóyá fóònù ń ṣiṣẹ́ nílé rẹ̀. Etíkun ni ilé rẹ̀ wà, lábẹ́ ògiri òkúta, iṣẹ́ tí fóònù sì ń ṣe níbẹ̀ kò ju pé kéèyàn fi tan iná lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ni Obed bá béèrè pé ta ló ní ṣọ́ọ̀bù orí òkè yẹn. Gbogbo ojú tó wà lára Leipakoa ṣí kúrò bí eṣinṣin tó ṣí lára ẹja tó ti gbẹ, ó lọ bà lé Rosina, tó jókòó sẹ́yìn tó ń fún ọmọ lọ́mú.

Leipakoa pàtẹ́wọ́ bíi tàwọn yòókù. Nígbà tó délé, ó gbé òkúta iná jù sílẹ̀ débi pé ó là sí méjì.

Toara ní, "Nẹ́tíwọ̀kì ni wọ́n yàn, wọn ò yan Rosina."

"Nẹ́tíwọ̀kì ló bọ Obed lọ́wọ́? Nẹ́tíwọ̀kì ló ń rẹ́rìn-ín tí eyín ẹ̀ ń hàn títí dé èrìgì?"

Toara mú ife kava rẹ̀, ó jáde.

Láti ìgbà náà, ọkàn Leipakoa kò balẹ̀ mọ́. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, yóò gbá iwájú ilé, yóò gbé àga jáde, yóò máa retí. Tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn a kún ibẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nísinsìnyí, wọ́n ń dín kù, títí ó fi ku Leitau àgbà nìkan, tí ojú rẹ̀ kò jẹ́ kó lè gun òkè. Lọ́jọ́ kan, Leitau náà kò wá mọ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan ló ń bá a lọ sórí òkè. Àwọn ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe Rosina ní Mama Báńkì, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò pe Leipakoa rí ní gbogbo ọdún tó fi ń gbé owó wọn lọ sí Vila, tó sì bì sójú ọ̀nà níbẹ̀rẹ̀, kí òkun tó mọ̀ ọ́n.

Èyí tó dùn ún jù ni ti Timoti. Nígbà tí iṣu tuntun dé, Timoti gbé èyí tó tóbi jù sí èjìká, ó ń bọ̀ lọ́nà. Leipakoa rí i lókèèrè, ó dìde, ó nu ọwọ́ sí aṣọ. Timoti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kí i dáadáa, ó béèrè àlàáfíà Toara, ó sì gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó ń gun òkè lọ. Ọkùnrin tí òun ti ń bá san owó ilé ìwé Ana ọmọ rẹ̀ láti kíláàsì kìn-ín-ní! Leipakoa dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ti nù mọ́. Ohun kan gbóná lábẹ́ ọyàn rẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin iná mì.

Kò pẹ́ sí i ló gbọ́ pé Toara pàápàá ti ń fi owó àgbọn gbígbẹ rẹ̀ síbẹ̀. Ó bi í léèrè. Toara ní ìyàwó àbúrò òun ni, ṣé kí òun gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lọ sí Vila ni? Leipakoa kò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì náà tún fi ṣú. Bó bá ń ro oko, yóò gbójú sókè wo páànù ṣọ́ọ̀bù náà tó ń dán nínú oòrùn. Ó máa ń rò pé bóyá wọ́n dìídì kọ́ ọ síbẹ̀ kó lè máa ta sí òun lójú ni.

Ìṣòro kan wà lórí òkè tí Leipakoa ti ṣàkíyèsí. Nígbà mìíràn, àwọn tó fẹ́ gba owó máa ń pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ fi pamọ́ lọ. Bí owó inú àpótí bá tán, Rosina á ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Àwọn obìnrin sọ ọ́ lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan. Netty, ìyàwó apẹja, ní fóònù sọ pé òun ní owó, Rosina sì ní kò sí, èwo ni kí òun gbà gbọ́? Wọ́n yíjú sí Leipakoa.

Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Gbogbo owó tí ẹ ń kó gun òkè yẹn, ta ló ti rí i kó sọ̀ kalẹ̀ lọ wọ ọkọ̀ rí? Vila ni báńkì wà. Owó yín, ibo ló wà?"

Kò fi kún un. Ó gbé Bíbélì rẹ̀, ó lọ sílé. Kí oòrùn tó wọ̀, ìbéèrè ti di ìròyìn: wọ́n ní Rosina ti fi owó abúlé ra páànù. Nígbà tó dé ìpẹ̀kun abúlé lápá kejì, ó ti di pé ó ń palẹ̀ mọ́ láti sá padà sí Emae.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo wọn wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Leipakoa náà gòkè, ó dúró lẹ́yìn igi kan níbi tí ó ti lè ríran. Rosina ń san owó, ọmọ rẹ̀ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó san, ó san, àpótí ṣófo, ìdajì èrò kò sì tíì rí nǹkan gbà. Ó gbé fóònù sókè, ó ń fi hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé owó wọn wà ní Vila ní kíkún, pé owó ọwọ́ nìkan ló tán. Wọn kò gbọ́. Timoti wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àpò ìrẹsì kan sí èjìká, ó ní tòun nìyẹn. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Masoe fa àdá yọ, Toara sì gbá a mọ́ra látẹ̀yìn, ó dì í mú títí olóyè fi dé, tó lé gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀.

Ó dùn mọ́ Leipakoa. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó dùn mọ́ ọn bí omi tútù lẹ́yìn oko. Àfìgbà tí Rosina gbójú sókè, tó rí i lẹ́yìn igi. Kò bú u. Kò sunkún. Ó kàn wò ó, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ìrẹsì tó dà sílẹ̀. Leipakoa rò pé ì bá sàn bó bá bú òun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo àwọn tó gba owó padà wá sí etíkun. Wọ́n ní kó bá àwọn gbé e lọ sí Vila bíi ti tẹ́lẹ̀. Netty gbé adìyẹ kan wá. Leipakoa gbé àga jáde, ó jókòó sáàárín wọn, ó ń gba owó, inú rẹ̀ sì wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí abẹ́ ibùsùn. Ó ní ọkọ̀ kò ní pẹ́ dé.

Ọkọ̀ kò dé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kọṣẹ́ ní Vila, wọ́n ní irin tí wọn yóò fi tún un ṣe ń bọ̀ láti ìlú òkèèrè. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e, oṣù tuntun lé. Leipakoa kò lè lọ sóko, nítorí ta ni yóò ṣọ́ àpótí? Kò lè lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin. Ó jókòó ti ibùsùn náà bí adìyẹ tó sàba. Koríko bo iṣu rẹ̀. Bí ajá bá gbó, ó ti dìde. Gbogbo abúlé ń kí i báyìí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kí i tán, ojú wọn a máa wọ inú ilé lọ bá àpótí, ó sì ń rí i.

Lọ́jọ́ kan, Masoe sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀lú iṣẹ́ kan fún Timoti. Ilé ìwé Ana ní erékùṣù Epi ti fóònù wá: bí owó kò bá dé kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọn yóò dá ọmọ náà padà sílé. Masoe jẹ́ iṣẹ́ náà, kò mẹ́nu ba ìrẹsì, ó yí padà. Timoti sáré wá bá Leipakoa, ó gba owó iṣu tó tà lẹ́yìn ọjọ́ ìrẹsì náà, tó fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó dì í mú, ó sì dúró sójú kan.

"Màmá, mi ò lè gòkè," ló sọ. "Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó? Ẹ bá mi gbé e lọ."

"Sí ọ̀dọ̀ ta ni? Sí ọ̀dọ̀ Rosina?"

"Tó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́, màá bẹ Netty."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú Leipakoa dìde. Kì í ṣe àánú Ana ló gbé e gun òkè lọ́jọ́ náà. Kò lè gbà kí Netty di ẹni tó ń bá Timoti gbé owó ilé ìwé ni.

Ó pe Toara kó wá jókòó ti àpótí, ó gun òkè. Rosina wà nínú ṣọ́ọ̀bù, pẹpẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣófo. Ó kúnlẹ̀ kí i, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Leipakoa gbé owó náà kalẹ̀, ó sọ ohun tí Timoti wí, ó ní kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ lòun wá bẹ̀ o. Rosina ka owó náà, ó tẹ fóònù, ó dúró díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Fóònù dún. Ó ní ilé ìwé ti rí i.

"Ó tán?"

"Ó ti tán, ìyálé mi."

Leipakoa wo fóònù náà. Gbogbo ìgbì tó ti gùn, gbogbo òru tó fi sùn lórí àpò pẹ̀lú ọ̀já tó ń bó o ní ìdí, nǹkan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ yìí ṣe é kí itọ́ tó gbẹ lẹ́nu. Ó ti ń jowú Rosina tẹ́lẹ̀. Ó wá ń jowú fóònù. Ó yí padà pé kí òun máa lọ.

Rosina ní, "Mo mọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn lábẹ́ igi."

Leipakoa dúró, kò yíjú. "Ìbéèrè ni. Èèyàn ò gbọdọ̀ béèrè?"

"Ìbéèrè gidi ni. Èmi náà bi Obed. Ó ní owó wà ní Vila, kí n máa wọ ọkọ̀ lọ gbé owó ọwọ́ wá bó bá tán. Èmi, tí mo bì láti Emae dé ìhín, bẹ́ẹ̀ èèyàn ń rí òkè yìí láti ilé bàbá mi! Pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà ní àwọn mọ̀ pé ẹ̀yin ni ó yẹ kí wọ́n yàn." Ó gbé ọmọ sí èjìká kejì. "Ẹ bá mi máa gbé e wá láti Vila. Báńkì ń fún mi ní owó díẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí, a ó pín in."

"O fẹ́ sọ mí di alábàárù rẹ."

"Alábàárù kẹ̀? Ta ni wọ́n lè gbé àpò owó fún ní abúlé yìí kí wọ́n sì sùn? Ẹ rí ohun tí wọ́n fojú mi rí. Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń jowú ni? Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí, bí mo bá se laplap, wọ́n á ní ó fẹ́ jọ ti Leipakoa. Bí mo bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin ni pásítọ̀ ń dárúkọ. Ọjọ́ tí Obed yàn mí, mo sọ nínú mi pé ó tó gẹ́ẹ́, èmi náà ti ní tèmi. Inú mi dùn pé kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ rí i báyìí."

Leipakoa yíjú sí i. Kò sí ẹni tó ti sọ fún un rí pé òun jẹ́ ẹni tí ẹlòmíràn lè jowú. Ó wò ó bí ẹni tó ń wo ọjà tó fẹ́ rà, láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì rí i pé ọmọdé ni, pé ó ti rù.

"O ò jẹun," ló sọ.

"Ìrẹsì ti tán," Rosina dáhùn. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì kí wọ́n tó mọ̀. Leipakoa ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ mì.

Kò gbà lọ́jọ́ náà. Ó ní òun yóò rò ó. Nílé, ó rò ó sókè rò ó sílẹ̀, ohun tó sì mú un gbà níkẹyìn kò lẹ́wà tó láti sọ nínú ìwàásù: bí òun bá ń gbé owó náà, kò sẹ́ni tí yóò tún lè sọ pé Rosina nìkan ló ń ṣe báńkì. Bí òun bá jókòó sílé lóṣù kan péré, òkè yóò dákẹ́. Èrò yìí tù ú nínú gan-an.

Ó ní kí olóyè pe ìpàdé. Ó dúró láàárín wọn, ó ní ọkọ̀ kò sí, owó wọn sì wà lábẹ́ ibùsùn òun níbi tí iná tàbí ìjì kan ṣoṣo lè gbé e lọ. Ó ní òun yóò gbé e gòkè lọ́la, fóònù yóò sì sọ fún Vila. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó wá mú tirẹ̀. Kò sọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lábẹ́ igi. Gbogbo wọn mọ̀, àwọn náà kò sì sọ. Netty bi í pé kí ló dé tó fi wá gba ọ̀rọ̀ òkè gbọ́. Ó ní, "Mo ti bi í léèrè, ó sì ti dá mi lóhùn." Àwọn kan mú owó tiwọn, àwọn púpọ̀ sì fi í sílẹ̀. Bí ó ṣe kó èyí tó kù gòkè, àpótí Rosina kún, àwọn tí kò rí owó gbà lọ́jọ́ kìíní rí tiwọn gbà, Timoti sì san owó ìrẹsì. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni bó ṣe ń san án.

Nígbà tí ọkọ̀ tún dé, Leipakoa so ọ̀já mọ́ ìdí, ó sì lọ. Òfìfo ni ọ̀já náà lójú àlọ. Lójú àbọ̀ ló kún.

Ohun kan ṣoṣo ló bá Rosina ṣe àdéhùn lé lórí, kó tó lọ: kí wọ́n kọ orúkọ òun mọ́ pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ó sì ṣáájú, nítorí òun ni ìyálé. Rosina gbà. Masoe ló gbé ọ̀dà, tó sì kọ ọ́. Nígbà tí Leipakoa ti Vila dé, kò tíì tú ọ̀já tó fi gòkè lọ wò ó. Tirẹ̀ ló wà lókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n Masoe ní orúkọ náà gùn, pátákó kò sì fẹ̀, ìyẹn ni lẹ́tà rẹ̀ fi kéré díẹ̀ sí ti Rosina.

Leipakoa dúró síbẹ̀, ó fi ìka wọn tirẹ̀, ó tún wọn ti ìyàwó.

Ó ní, "Masoe, wá pátákó míì."